Orí Keje: Áàpù Oúnjẹ àti Ọwọ́ Tó Ń Sebẹ̀ ní Òkè-Ògùn

Oríṣi áàpù mẹ́ta ló ń bá oúnjẹ ṣe lórí fóònù lóde òní. Àkọ́kọ́ ni èyí tó ń bá èèyàn ra ọjà: ẹni tó fẹ́ ata, ìrẹsì tàbí ẹran á yàn án lórí fóònù, á sanwó, wọ́n á sì gbé e wá bá a nílé. Èkejì ń kọ́ni ní oúnjẹ sísè: ó ń to èròjà lẹ́sẹẹsẹ, ó ń sọ iye tí a óò fi sí i àti bí yóò ṣe pẹ́ tó lórí iná. Ẹ̀kẹta ń yẹ ohun tó wà nínú páálí àti agolo wò, á sì sọ bóyá iyọ̀, ṣúgà tàbí ọ̀rá inú rẹ̀ ti pọ̀ jù. Ìlérí kan náà ni àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ń ṣe, pé bí èèyàn bá ń tẹ̀ lé wọn, oúnjẹ ilé yóò sunwọ̀n sí i, àìsàn tó ń ti ẹnu wọlé yóò sì dín kù. Ìbéèrè orí yìí ni bóyá ìlérí náà lè ṣẹ ní Òkè-Ògùn, láti Ìṣẹ́yìn títí dé Ṣakí àti Kíṣí, níbi tí ọ̀pọ̀ oúnjẹ ti ń ti oko bọ́ sínú ìkòkò láìgba inú páálí kankan kọjá. Èsì mi ni pé ó lè ṣẹ, àmọ́ irú áàpù tí wọ́n ń lò ní Paris tàbí Auckland kọ́ ni yóò mú un ṣẹ. Nílùú tiwọn, orí pẹpẹ ilé-ìtajà ni wọ́n ti ń pinnu èyí tó pọ̀ jù nínú iyọ̀ tí aráàlú óò jẹ. Ní tiwa, ìdí ààrò ni wọ́n ti ń pinnu rẹ̀, ọwọ́ ẹni tó ń sebẹ̀ ló sì wà. Áàpù tó bá fẹ́ wúlò fún wa, ọwọ́ yẹn ni kó bá sọ̀rọ̀.

Ká kọ́kọ́ wo ibi tí àwọn áàpù wọ̀nyí ti ṣẹ̀. Ní ọdún 2012, ilé-iṣẹ́ ìwádìí George Institute ní Ọsirélíà gbé FoodSwitch jáde. Ẹni tó bá wà ní ilé-ìtajà á gbé kámẹ́rà fóònù rẹ̀ sí àwọn ìlà dúdú wẹẹrẹ tó wà lára páálí, FoodSwitch á fi hàn án bóyá ohun tó fẹ́ rà dára, á sì tún dárúkọ irú rẹ̀ mìíràn tí iyọ̀ tàbí ṣúgà inú rẹ̀ kéré. Ní 2017, Yuka bẹ̀rẹ̀ lọ́nà tó jọ ọ́ ní ilẹ̀ Faransé, ó sì gbilẹ̀ débi pé àwọn ilé-ìtajà ńlá kò lè fojú fò ó mọ́. Ní 2019, Intermarché, ọ̀kan lára àwọn ilé-ìtajà tó tóbi jù níbẹ̀, kéde pé òun yóò tún nǹkan bí 900 nínú àwọn ọjà òun pò, òun yóò sì yọ oríṣi àfikún kẹ́míkà 142 kúrò nínú wọn, kí àmì tí Yuka ń fún wọn lè gòkè. Agbára gidi nìyẹn. Oníbàárà tó ń tẹ fóònù mú kí ilé-iṣẹ́ yí ọwọ́ padà. Ṣùgbọ́n ohun méjì ni agbára yẹn dúró lé. Ó gbọ́dọ̀ jẹ́ pé ilé-iṣẹ́ ló ti po oúnjẹ náà kó tó dé ọwọ́ ẹni tó rà á. Ó sì gbọ́dọ̀ jẹ́ pé wọ́n kọ ohun tó wà nínú rẹ̀ sí ara páálí. Níbi tí ohun méjèèjì kò bá sí, kámẹ́rà fóònù kò rí nǹkan kan kà.

Kódà níbi tí ohun méjèèjì wà, èrè rẹ̀ kò tó ariwo rẹ̀. Ní New Zealand, Cliona Ni Mhurchu àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fún èèyàn 1,357 ní áàpù tó ń túmọ̀ àkọlé ara oúnjẹ, wọ́n pín wọn sí ọ̀wọ́ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, wọ́n sì ṣọ́ ohun tí wọ́n ń rà fún ọ̀sẹ̀ mẹ́rin. Nígbà tí àbájáde rẹ̀ jáde ní 2017, kò sí ìyàtọ̀ gbòógì láàárín ọjà ọ̀wọ́ kan àti òmíràn. Lára àwọn tó ń tẹ áàpù náà lemọ́lemọ́ nìkan ni ìyípadà ti hàn. Lọ́dún yẹn kan náà, ìwádìí mìíràn jáde ní orílẹ̀-èdè náà lórí SaltSwitch, èyí tí wọ́n yọ lára FoodSwitch nítorí iyọ̀ nìkan. Èèyàn 66 tó ní àrùn ọkàn tàbí ti iṣan ẹ̀jẹ̀ ló kópa nínú rẹ̀, ọ̀sẹ̀ mẹ́rin ni òun náà gbà. Iyọ̀ inú ọjà tí agboolé wọn rà dín kù ní tòótọ́, ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n yẹ ìtọ̀ wọn wò, iyọ̀ inú rẹ̀ kò fi ìyàtọ̀ hàn. Ọ̀rọ̀ ìtọ̀ yìí ṣe kókó, nítorí ibẹ̀ ni èyí tó pọ̀ jù nínú iyọ̀ tí a jẹ ń bá jáde. Èèyàn lè gbàgbé ohun tó jẹ, ìtọ̀ rẹ̀ kì í gbàgbé. Ohun tí a rà lè yí padà kí ohun tó wọnú ara má yí padà, nítorí iyọ̀ ní ọ̀nà mìíràn tó ń gbà wọlé lẹ́yìn ti inú páálí: a lè bù ú sí oúnjẹ nílé, a sì lè jẹ ẹ́ níta.

Wàyí o, ẹ jẹ́ ká gbé irú áàpù bẹ́ẹ̀ dé Òkè-Ògùn. Ìjọba ìbílẹ̀ mẹ́wàá ló wà ní agbègbè yìí, ibẹ̀ sì ni púpọ̀ nínú oúnjẹ ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ ti ń wá. Iṣu, gbágùúdá, àgbàdo, ọkà bàbà, ẹ̀wà, ẹ̀gúsí, kajú àti máńgòrò ń ti oko jáde. Òrí àti irú ń ti ara igi inú ọ̀dàn wá. Àwọn obìnrin Fúlàní ń fi oje bómubómu mú wàrà dì, wọ́n sì ń kiri rẹ̀. Kóńgò, òkìtì àti ìdì ni wọ́n fi ń ta èyí tó pọ̀ jù nínú wọn. Kò sí àkọlé lára èlùbọ́ tí wọ́n wọ̀n sínú kóńgò, kò sí ìlà dúdú lára ìdì ewédú. Áàpù agbọ́jàrelé náà kò fi bẹ́ẹ̀ bá ibí mu. Ìlú ńlá ni Chowdeck àti Glovo, tí àwọn méjèèjì bẹ̀rẹ̀ ní Nàìjíríà ní 2021, fi ṣe ibùjókòó, oúnjẹ tí wọ́n ti sè tán sì ni púpọ̀ nínú ẹrù wọn. Jumia Food tó ti wà ṣáájú wọn kógbá sílé ní ìparí 2023. Irú òwò bẹ́ẹ̀ ń fẹ́ ọ̀pọ̀ oníbàárà tó ń gbé pẹ́kípẹ́kí, tí olúkúlùkù wọn lè san owó agbéjàwá. Ní Ṣakí, ọjà kò jìnnà, ọlọ́jà sì mọ oníbàárà rẹ̀ lójú. Àwọn ọmọ Yorùbá tó wà ní Peckham ní London gan-an mọ ibi tí bàtà ti ń ta lẹ́sẹ̀: áàpù Sugar Smart tí ìjọba gbé jáde ní England ní oṣù Kìíní 2016 lè ka ṣúgà inú ìgò ọtí ẹlẹ́rìndòdò nígbà náà, kò lè ka àwo àmàlà.

Níbo wá ni ewu wà? Kò sí nínú iṣu. Àjọ Ìlera Àgbáyé ní kí iyọ̀ tí àgbàlagbà ń jẹ lóòjọ́ má tó gíráàmù márùn-ún, ìyẹn ni pé kó má kún ṣíbí tíì kan. Iyọ̀ àjẹjù ń fa ẹ̀jẹ̀ ríru, ẹ̀jẹ̀ ríru sì wà lára olórí ohun tó ń fa rọpárọsẹ̀, àrùn ọkàn àti àrùn kíndìnrín. Àwọn àkójọ ìwádìí tí wọ́n ti ṣe ní Nàìjíríà fi hàn pé nǹkan bí ẹnì kan nínú àgbàlagbà mẹ́ta ló ní ẹ̀jẹ̀ ríru, púpọ̀ nínú wọn ni kò sì mọ̀. Ní ilẹ̀ Faransé tàbí England, inú búrẹ́dì, ẹran agolo àti oúnjẹ tí ilé-iṣẹ́ pò ni èyí tó pọ̀ jù nínú iyọ̀ ti ń wọlé. Nínú ìkòkò tiwa, iyọ̀ tí a bù ni, àti mágì tí a fọ́ sí i, àti irú tí wọ́n ti fi iyọ̀ pa mọ́. Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀ díẹ̀. Nǹkan bí ìdajì mágì onígun, tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ló jẹ́ iyọ̀. Bí ẹyọ kan bá wọn gíráàmù mẹ́rin, iyọ̀ inú rẹ̀ á tó gíráàmù méjì. Bí a bá fọ́ ẹyọ mẹ́fà sínú ìkòkò ọbẹ̀ tí ẹni mẹ́fà jẹ tán, olúkúlùkù ti jẹ gíráàmù méjì láti ara mágì nìkan, kí a tó ka iyọ̀ tí a bù lọ́tọ̀. Bí wọ́n bá jẹ irú ọbẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ́sàn-án àti lálẹ́, ó di mẹ́rin nínú márùn-ún. Kò sí áàpù tó ń ka ìlà ara páálí tó lè rí ìṣirò yìí, nítorí páálí mágì kan náà lè wà nílé méjì, kí ilé kan máa fọ́ ẹyọ kan sọ́bẹ̀, kí èkejì máa fọ́ mẹ́fà.

Ìdí nìyí tí ẹ̀rí tó bá tiwa mu jù fi wá láti ilẹ̀ Ṣáínà. Níbẹ̀ náà, ọwọ́ ẹni tó ń se oúnjẹ nílé ni púpọ̀ nínú iyọ̀ ti ń wá. Ní 2022, Feng He àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ àbájáde ìwádìí kan jáde nínú ìwé àtìgbàdégbà BMJ lórí áàpù tí wọ́n pè ní AppSalt. Wọn kò tọ àwọn tó ń dáná lọ ní tààrà. Ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ 54 ni wọ́n lọ, tí ọmọ 592 sì kópa pẹ̀lú àgbàlagbà 1,184 nínú ẹbí wọn. Ọmọ á kẹ́kọ̀ọ́ lórí áàpù, á bá àwọn ará ilé ṣírò iyọ̀ tí wọ́n ń jẹ, wọ́n á sì jọ wá bí wọn yóò ṣe dín in kù. Lẹ́yìn ọdún kan, wọ́n yẹ ìtọ̀ tí wọ́n gbà jọ fún wákàtí mẹ́rìnlélógún wò. Iyọ̀ àwọn àgbàlagbà tó wà nínú ètò náà ti fi nǹkan bí gíráàmù 0.82 lóòjọ́ dín kù ju ti àwọn tí kò sí nínú rẹ̀ lọ, ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ wọn náà sì wálẹ̀ díẹ̀. Lára àwọn ọmọ fúnra wọn, ìyàtọ̀ náà kò hàn gbangba. Àmọ́ ìwádìí kan ti ṣáájú èyí. Nílùú Changzhi, ní ilé-ẹ̀kọ́ 28, olùkọ́ ló kọ́ àwọn ọmọ lójúkojú láìsí áàpù kankan. Èsì tirẹ̀, tó jáde ní 2015, tóbi ju ti AppSalt lọ: iyọ̀ àgbàlagbà fi gíráàmù 2.9 dín kù lóòjọ́, ti ọmọ fi 1.9 dín kù. Sáà ẹ̀kọ́ kan péré ni ti Changzhi, ọdún kan ni ti AppSalt, nítorí náà a kò lè gbé wọn ka orí òṣùwọ̀n kan náà. Síbẹ̀ ẹni tó bá fẹ́ràn áàpù kò gbọdọ̀ fi èsì yìí pa mọ́. Ohun tó ṣiṣẹ́ nínú méjèèjì ni ọ̀nà tí ọ̀rọ̀ gbà wọlé: ọmọ gbé e dé ọ̀dọ̀ ẹni tó ń dáná, ẹni tó ń dáná sì rí òdiwọ̀n tẹ̀ lé. Áàpù kàn jẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà lè dé ibi púpọ̀ tí olùkọ́ tó mọ̀ ọ́n kò tó nǹkan.

Bí a bá mú ẹ̀kọ́ yìí wá sílé, òdiwọ̀n ni ohun àkọ́kọ́ tí áàpù Òkè-Ògùn yóò ní. Ìlànà tó ní ká wọn igba gíráàmù èlùbọ́ kò bá ẹni tó ń fi kóńgò rà á, tó sì ń fi ojú wọn omi rẹ̀, sọ̀rọ̀. Kóńgò, agolo mílíìkì, ṣíbí, ìgò epo, ìkòkò ẹni mẹ́rin àti ìkòkò ẹni mẹ́wàá ni kó fi máa ka nǹkan, kó wá ṣírò gíráàmù tirẹ̀ lábẹ́nú. Ohun tí yóò fi ṣírò ti wà nílẹ̀. Ní 2012, àjọ FAO ti Ìparapọ̀ Orílẹ̀-Èdè Àgbáyé gbé àtẹ èròjà ara oúnjẹ Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà jáde, oúnjẹ 472 ló sì wà nínú rẹ̀. Nígbà tí wọ́n tún un ṣe ní 2019, ó ti di 1,028. Yunifásítì Ìbàdàn náà ní àkójọ tirẹ̀ lórí oúnjẹ Nàìjíríà. Ìyàtọ̀ tó wà láàárín irú àkójọ bẹ́ẹ̀ àti áàpù bíi MyFitnessPal, tó bẹ̀rẹ̀ ní 2005, ni pé ẹnikẹ́ni tó ń lo MyFitnessPal lè kọ oúnjẹ sínú rẹ̀. Ẹni tó bá wá àmàlà níbẹ̀ lè bá iye tí ẹnì kan fojú dá pàdé. Nípa báyìí, bí obìnrin kan ní Òkèhò bá sọ fún áàpù pé ẹni mẹ́jọ ni òun fẹ́ se ọbẹ̀ fún, kò yẹ kí èsì gùn. Ṣíbí iyọ̀ mélòó, mágì mélòó, epo ìwọ̀n wo, kí sì ni yóò gba ipò adùn tí ó bá dín kù: irú tí wọ́n fọ̀ dáadáa, àlùbọ́sà, ata, atalẹ̀ tàbí ẹ̀gúsí díẹ̀ sí i. Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, kí áàpù tún dín mágì náà kù ní ẹyọ kan. Ahọ́n máa ń bá iyọ̀ tó ń dín kù díẹ̀díẹ̀ mu. Èyí tí a bá já gbà lẹ́ẹ̀kan ni àwọn ará ilé máa ń kọ̀.

Ohun kejì ni àsìkò. Áàpù tí wọ́n ṣe fún ilé-ìtajà gbà pé ohun gbogbo wà lójoojúmọ́. Ní ọ̀dàn wa, láti nǹkan bí oṣù Kẹrin sí oṣù Kẹwàá ni òjò ń rọ̀, tí ewédú, tẹ̀tẹ̀, ṣọkọ àti ilá tútù ń pọ̀ lọ́jà. Bí ọ̀gbẹlẹ̀ bá dé, ọ̀rúnlá àti lúrú ló kù, kí máńgòrò tó bẹ̀rẹ̀ sí í pọ́n. Ìmọ̀ràn tó bá ń ní kí èèyàn ra ẹ̀fọ́ tútù ní oṣù Kejì, owó ló ń fi ṣòfò. Èyí tó wúlò ni kó ti sọ ní oṣù Kẹsàn-án pé kí a sá ewé sí ibòòji, nítorí oòrùn gangan máa ń ba èròjà tó ń di fítámínì A nínú ewé jẹ́. Onírúurú oúnjẹ náà ní òdiwọ̀n tó rọrùn. Fún àwọn obìnrin tó wà láàárín ọdún 15 sí 49, FAO pín oúnjẹ sí ìsọ̀rí mẹ́wàá. Níbi tí púpọ̀ nínú wọn bá ń jẹ ó kéré tán márùn-ún lóòjọ́, ó ṣeé ṣe kí èròjà tí ara wọn nílò pé. Ẹ wo àmàlà, gbẹ̀gìrì, ewédú àti wàrà: mẹ́rin ti pé, nítorí àmàlà wà lára oúnjẹ oníṣitáàṣì, gbẹ̀gìrì lára ẹ̀wà, ewédú lára ewé tútù yọ̀yọ̀, wàrà lára ohun tó ti ara wàrà màlúù wá. Bí a bá fi máńgòrò pípọ́n kan panu, ó di márùn-ún, láìra ẹran. Áàpù tó bá lè ṣe irú ìṣirò yìí pẹ̀lú ohun tó wà lọ́jà lọ́sẹ̀ yẹn ti ṣe ohun tí ìwé ìlànà òyìnbó kò ṣe.

Àwọn kan yóò ní, àwọn ìyá wa sebẹ̀ láìsí fóònù, ara wọn sì le koko. Bẹ́ẹ̀ ni, àmọ́ ìmọ̀ ọwọ́ wọn jẹ́ ti èròjà ìgbà wọn. Ìyá tó ń fi irú àti ẹ̀gúsí mú ọbẹ̀ dùn mọ ibi tí ọwọ́ òun yóò dúró, nítorí ẹnu rẹ̀ ń sọ fún un bí ó bá ti pọ̀ jù. Mágì kò rí bẹ́ẹ̀: adùn rẹ̀ ń bo iyọ̀ inú rẹ̀ mọ́lẹ̀, tí ọwọ́ á fi fọ́ òmíràn sí i láìmọ̀. Indomie kò dé Nàìjíríà títí di 1988. Kò sí ìyá àgbà tó jogún bí a ṣe ń wọn iyọ̀ inú sàṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀ fún wa. Ọ̀nà Mọ́níyà sí Ìṣẹ́yìn, kìlómítà 65, tó ń gbé iṣu àti gbágùúdá lọ sí Ìbàdàn, òun náà ló ń gbé páálí ìndómì àti ọtí ẹlẹ́rìndòdò padà wá. Ìmọ̀ àtijọ́ kò di asán. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ni pé èròjà tuntun ti wọ ààrò tí òdiwọ̀n rẹ̀ kò bá a wọlé, òdiwọ̀n yẹn sì ni áàpù lè mú wá.

Àtakò tó le jù bẹ́ẹ̀ lọ ni ti owó àti ìwé kíkà. Ní oṣù Kìíní 2025, àjọ NCC gba àwọn ilé-iṣẹ́ fóònù láàyè láti fi owó ìpè àti dátà kún un, títí dé ìdá àádọ́ta nínú ọgọ́rùn-ún. Gẹ̀ẹ́sì ni ọ̀pọ̀ áàpù oúnjẹ ń sọ, ọ̀pọ̀ àwọn tó ń dáná kò sì ní fóònù tó lè gbé e. Àwọn ìṣòro yìí wà lóòótọ́, ṣùgbọ́n bí a ṣe máa kọ́ áàpù ni wọ́n ń sọ fún wa; wọn kò sọ pé ká má kọ́ ọ. Kí ó jẹ́ ohùn, kì í ṣe ìwé: kí ẹni tó ń ro àmàlà lè gbọ́ ọ ní Yorùbá tí wọ́n ń sọ ní Ṣakí, gẹ́gẹ́ bí a ti ń gbọ́ ọ̀rọ̀ ohùn lórí WhatsApp. Kí ó lè ṣiṣẹ́ láìsí íntánẹ́ẹ̀tì lẹ́yìn tí a bá ti gbé e sórí fóònù lẹ́ẹ̀kan. Fóònù kan nínú agboolé sì tó, bí ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ bá wà tó lè tẹ̀ ẹ́ fún ìyá tàbí ìyá àgbà rẹ̀. Ọ̀nà yẹn gan-an ni AppSalt gbà wọlé ní Ṣáínà. Ọmọ tó bá fẹ́ sọ fún ìyá àgbà pé mágì ti pọ̀ jù yóò sì rí i pé ó rọrùn kí fóònù bá òun sọ ọ́. Ní ilẹ̀ tí ọmọ kì í ti í kọ́ àgbà ní ọbẹ̀ sísè, àǹfààní kékeré kọ́ nìyẹn.

Àtakò kẹta ni ti ìṣẹ́. Bí ebi bá kúrò nínú ìṣẹ́, ìṣẹ́ bùṣe; ẹni tí kò rówó ra ẹ̀wà, kí ni yóò fi ìmọ̀ràn lórí gbẹ̀gìrì ṣe? Èyí ni kò jẹ́ kí n gbé áàpù ga ju bó ṣe yẹ lọ. Dídín iyọ̀ àti mágì kù kò ná ẹnikẹ́ni ní kọ́bọ̀, ó tilẹ̀ ń dá owó padà, ibẹ̀ sì ni kí áàpù ti bẹ̀rẹ̀. Ṣùgbọ́n owó oúnjẹ àti ohun tí wọ́n ń tà fún wa kọjá agbára fóònù. Owó orí náírà mẹ́wàá lórí lítà ọtí ẹlẹ́rìndòdò kọ̀ọ̀kan, tí òfin ìṣúná 2021 gbé kalẹ̀, kan ẹni tó ní áàpù àti ẹni tí kò ní. Òfin tí NAFDAC, àjọ tó ń bójú tó oúnjẹ àti oògùn, ṣe ní 2022, pé ọ̀rá líle tí ilé-iṣẹ́ fi ọgbọ́n ẹ̀rọ ṣe, tó ń ba iṣan ọkàn jẹ́, kò gbọdọ̀ ju gíráàmù méjì lọ nínú ọgọ́rùn-ún gíráàmù ọ̀rá tàbí òróró, kan gbogbo wa. Ní ìgbèríko Ṣáínà, wọ́n ṣe ìwádìí lórí àwọn ènìyàn 20,995 ní abúlé 600, wọ́n sì pààrọ̀ iyọ̀ fún ìdajì àwọn abúlé náà. Ìdá kan nínú mẹ́rin iyọ̀ tuntun náà jẹ́ onípòtásíọ̀mù. Nígbà tí èsì jáde ní 2021, lẹ́yìn nǹkan bí ọdún márùn-ún, rọpárọsẹ̀ láàárín àwọn tí wọ́n pààrọ̀ iyọ̀ fún ti fi ìdá 14 nínú ọgọ́rùn-ún dín sí ti àwọn yòókù. Ẹni tí kíndìnrín rẹ̀ kò dára kò gbọdọ̀ jẹ irú iyọ̀ bẹ́ẹ̀ láìbi dókítà. Ṣùgbọ́n ẹ kíyè sí i pé ìyípadà yẹn kò béèrè kí ẹnikẹ́ni rántí ohunkóhun. Ibi tí ìjọba àti ilé-iṣẹ́ bá lè pààrọ̀ nǹkan fúnra rẹ̀, kí wọ́n pààrọ̀ rẹ̀. Ibi tí ọwọ́ nìkan lè dé ni a óò fi sílẹ̀ fún áàpù.

Ẹ̀kẹrin ni ìbéèrè pé ta ló ni áàpù náà. Maggi àti Knorr ní ojú-ewé ìlànà oúnjẹ tiwọn fún àwọn ará Nàìjíríà, mágì wọn sì wà nínú ìlànà wọn, gẹ́gẹ́ bí ẹnikẹ́ni ti lè retí. Wọn kò dẹ́ṣẹ̀. Ẹni tó ń tajà kò lè ní kí a rà á díẹ̀. Cookpad, tó bẹ̀rẹ̀ ní Japan ní 1998, gba ọ̀nà mìíràn: àwọn tó ń dáná nílé, àwọn ọmọ Nàìjíríà pẹ̀lú, ló ń kọ ìlànà tiwọn síbẹ̀ fún ara wọn. Èyí sàn jù, àmọ́ adùn ni ẹni tó ń kọ ìlànà ń wá, kò gbé òṣùwọ̀n iyọ̀ dání. Ohun tó yẹ ni kí ọwọ́ tí kò ta mágì di áàpù mú: ẹ̀ka ìmọ̀ oúnjẹ ní Yunifásítì Ìbàdàn, iléèwé gíga bí The Oke-Ogun Polytechnic ní Ṣakí àti ọgbà LAUTECH tó wà ní Ìṣẹ́yìn, pẹ̀lú àwọn olùtọ́jú ìlera tó ń yẹ ẹ̀jẹ̀ ríru wò. Àwọn wọ̀nyí náà ni yóò lè sọ ohun tí fóònù kò lè rí. Kò sí áàpù tó lè gbóòórùn èlùbọ́ tó ti bu, tàbí kó mọ̀ pé wọ́n ti fi oògùn apakòkòrò pa ẹ̀wà mọ́, bẹ́ẹ̀ sì ni NAFDAC ti ń kìlọ̀ fún wa lórí èyí, tí wọ́n sì fòfin de ìgò kékeré oògùn apakòkòrò Sniper ní 2019. Áàpù tó bá ń yin oúnjẹ ìbílẹ̀ láìsọ pé ká ra èyí tó gbẹ dáadáa, tó mọ́, lọ́wọ́ ẹni tí a mọ̀, ìdajì ọ̀rọ̀ ló sọ.

Kí ẹni tó bá ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru má ṣe rò pé ọbẹ̀ tí mágì inú rẹ̀ dín kù lè rọ́pò oògùn rẹ̀. Àwọn méjèèjì ń ran ara wọn lọ́wọ́ ni. Ní ti àwọn tó fẹ́ ṣe áàpù, ẹ̀rí tí a ti tò sílẹ̀ fi ọ̀nà kan ṣoṣo hàn láti mọ̀ bóyá iṣẹ́ wọn dára. Ilé-iṣẹ́ máa ń yangàn pẹ̀lú iye ẹni tó ti gbé áàpù wọn sórí fóònù, àmọ́ a ti rí i ní New Zealand pé ọjà lè yí padà kí ìtọ̀ wà bó ṣe wà. Nítorí náà, bí ẹnikẹ́ni bá gbé irú áàpù bẹ́ẹ̀ wá sí Ìṣẹ́yìn tàbí Ṣakí, ìbéèrè mẹ́ta ni kí àwọn olórí ìlú, olùkọ́ àti òṣìṣẹ́ ìlera bi í kí wọ́n tó gbà á: mágì mélòó ló ń wọ ìkòkò kan nígbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀? Mélòó ló kù lẹ́yìn ọdún kan? Kí sì ni ìtọ̀ àwọn tó jẹ ọbẹ̀ náà sọ? Ẹni tó bá ní èsì sí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló yẹ kí a ṣílẹ̀kùn ilé-ẹ̀kọ́ wa fún.